Ṣíbí Oyin Kan

Sínsín ni Abdulrauf ń sín bọ̀ nígbà tí Sewanu kọ́kọ́ rí i. Ó sín lẹ́nu ọ̀nà ọjà, ó sín lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn alágbọn, nígbà tó sì fi dé ìdí àtẹ ewé Sewanu létí ọ̀sà Àgbádárìgì, ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ọyẹ́ ni?"

"Ọyẹ́ ni, àǹtí. Ọdọọdún ló ń ṣe mí báyìí. Imú mi á dí, ojú á máa yún mi, ohùn á sì wọlé. Ládàánì sì ni mí, ní mọ́sáláṣí ẹ̀yìn ọgbà àgbọn yẹn."

Ọwọ́ Sewanu dúró lórí ewé. Ó mọ ohùn náà tipẹ́. Nírọ̀lẹ́, tí kùrukùru ọyẹ́ bá bo ọ̀sà, tí òdìkejì omi dà bí ìlú inú àlá, ìpè ìrun yẹn á rìn lórí omi wá bá a. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, síbẹ̀ á fiṣẹ́ sílẹ̀, á gbọ́ ọ tán. Àgbàlagbà ló rò pé ó ni ohùn náà.

Ó di efinrin fún un. "Ẹ sè é, kí ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wá faṣọ borí, kí ẹ máa fa oru rẹ̀ símú. Kò ní lé ọyẹ́ lọ o, ṣùgbọ́n ẹ ó lè mí."

Lọ́jọ́ kẹta, ó padà wá dúpẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin, ó tún wá, bẹ́ẹ̀ ewé tó rà ò tíì tán. Nígbà tó yá, ó ń jókòó. Wọn ò mọ ọjọ́ tí "ẹ" kúrò láàárín wọn.

"Sewanu, ṣé o rò pé ewé ni mò ń wá rà lójoojúmọ́?"

"Ìwọ ni kó o sọ ọ́."

"Ìwọ ni mò ń wá wò, ààyò mi. Ọjọ́ tí mi ò bá rí ọ, ọkàn mi kì í balẹ̀."

Dosi, ìyá Sewanu, kìlọ̀ fún un. "Ọmọ Alhaja nìyẹn o. Ọjọ́ tó bá wúkọ́ lásán, ìwọ ni wọn ó mú." Sewanu gbọ́, ọkàn rẹ̀ ni ò gbọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó se àgbo tí Abdulrauf máa mu: efinrin àti jínjà. Kó má baà korò jù, ó fi ṣíbí oyin kan sí i. Abdulrauf wo ife, ó wo ojú Sewanu, ó sì mu ún tán.

Kò pẹ́ tí ètè rẹ̀ fi wú. Ara rẹ̀ lé, èémí rẹ̀ ń há. Sewanu pariwo pe oníkẹ̀kẹ́, ó sì gbé e mọ́ra títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn.

"Ara rẹ̀ kò gba ohun kan nínú nǹkan tó mu," ni nọ́ọ̀sì wí lẹ́yìn abẹ́rẹ́.

Bí Alhaja Hùmúàní, ìyá Abdulrauf, ṣe wọlé, ó figbe ta. "Ọmọ Ègùn yìí ti fún ọmọ mi ní májèlé! Má jẹ̀ẹ́ kí n tún rí ẹsẹ̀ rẹ lọ́dọ̀ rẹ̀!"

Odidi ọjọ́ mẹ́rin, ẹlòmíì ló ń pe ìrun. Sewanu kò pàtẹ. Ẹ̀rù ń bà á, ìfẹ́ sì ń pa á. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó dìde.

"Níbo?" ni Dosi bi í.

"Ilé wọn. Ọwọ́ mi ló pò ó, ẹnu mi ni yóò sọ ọ́."

Dosi we gèlè, ó tẹ̀ lé e.

Sewanu kúnlẹ̀ síwájú Alhaja. "Efinrin ni, mà, jínjà ni, àti ṣíbí oyin kan. Àṣìṣe mi ni pé mi ò kọ́kọ́ bi í léèrè. Ẹ dárí jì mí."

"Oyin kẹ̀?" Alhaja yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Rauf! Oyin tó fẹ́ pa ọ́ ní kékeré! O ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ ni?"

Abdulrauf tẹrí ba. "Mo mọ̀, màámi. Mo gbọ́ òórùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú Sewanu ń dùn bó ṣe gbé e fún mi, mo sì rò pé ara mi ti ń gba oyin báyìí. Lẹ́yìn náà, ojú tì mí láti sọ."

"O sì jẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní apààyàn?" ni Sewanu bi í.

Abdulrauf dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú Dosi. "Ẹ̀yin àti ọmọ yín ni mo ṣẹ̀."

Alhaja fọwọ́ ara rẹ̀ gbé Sewanu dìde. "Èmi ni mo yára sọ̀rọ̀, ọmọ mi. Má bínú."

"A ti gbọ́," ni Dosi wí. "Ṣùgbọ́n tó bá sín lọ́la, kì í ṣe Sewanu ló fà á o!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àyàfi Sewanu.

Kò dárí jì í lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Abdulrauf fi ń wá jókòó sídìí àtẹ, tó ń bá a di ewé, tí Sewanu ò dá a lóhùn. Lọ́jọ́ kan, Sewanu wo ewé ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "O ò dì í le. Tú u, kó o tún un dì." Abdulrauf fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Nígbà tí òjò ti pa eruku, wọ́n so yìgì Sewanu àti Abdulrauf. Dosi wọ sùtánà funfun ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wá, Alhaja sì fà á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.

Lẹ́yìn àsè, tọkọtaya wọkọ̀ ojú omi lọ sí apá òkun. Omi rọ̀, ọkọ̀ ń lọ bí ẹni ń tòògbé, igi àgbọn ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ìkùukùu.

"Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ pé mo fẹ́ràn rẹ lédè yín?"

"Yẹn yiwanna we."

Abdulrauf sọ ọ́, ahọ́n rẹ̀ kọsẹ̀. Sewanu rẹ́rìn-ín, ó ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, ó tún kọsẹ̀. Nígbà kẹta, ó sọ ọ́ geere bí ọmọ Ègùn.

Sewanu kò sọ fún un pé ó ti sọ ọ́ bó ṣe yẹ. Ó gbórí lé èjìká rẹ̀, ó ní, "Tún un sọ."