Káfíńtà Tí Kò Ta Tẹ́tẹ́ Rí

Ní nǹkan bí ọdún 1988, bí o bá dé Boundary ní Ajégúnlẹ̀ tí o béèrè ọmọlúàbí kan tí o lè fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́, ṣọ́ọ̀bù Adékànmí káfíńtà ni wọn yóò júwe fún ọ. Kì í mutí. Kì í fa sìgá. Kò ní ju ìyàwó kan lọ, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ariwo rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ Ìsinmi, òun ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tó ń fi àga han àwọn tó ń wọlé. Bí wọ́n bá ní kí gbogbo ẹlẹ́ṣẹ̀ gbọ́, á yẹjú wo ìta bóyá wọ́n ti ń bọ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára. Àwọn ọ̀gá tó ń gbé ní Àpápá GRA máa ń rán dírẹ́bà wọn wá gbé àga àti tábìlì lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí kì í ṣe lójú èèyàn: ó ń gbẹ́ dáìsì aláwọ̀.

Ovie ló ń gbẹ́ ẹ fún. Ọmọ Urhobo ni Ovie, ilé kan náà ni òun àti Adékànmí ń gbé, tẹ́tẹ́ sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Á tẹ́ pátákó kan sílẹ̀ tí wọ́n kùn ní àwọ̀ mẹ́fà: pupa, dúdú, funfun, búlúù, yẹ́lò àti àwọ̀ ewé. Ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dáìsì náà ní àwọ̀ kan náà wọ̀nyí. Ìwọ yóò fi owó rẹ lé àwọ̀ tó wù ọ́, Ovie á mi dáìsì nínú agolo, á sì dà á sílẹ̀. Bí àwọ̀ rẹ bá hàn lókè, wọ́n á san owó rẹ ní ìlọ́po mẹ́rin. Bí kò bá hàn, owó ti lọ nìyẹn. Ẹni tí kò mọ̀wé lè ta á, ẹni tí kò lè ka nǹkan dé mẹ́wàá lè ta á. Ibi tó ti ń mú èèyàn nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí àwọn tó ń kó ẹrù ọkọ̀ òkun bá gbowó ọ̀sẹ̀, ìtòsí géètì èbúté ní Àpápá ni Ovie ń gbé pátákó rẹ̀ lọ.

Nígbà tó yá, Ovie wá bá Adékànmí ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní àwọn èèyàn ti ń jẹ òun jù, ó ní ṣé kò sí nǹkan tí káfíńtà lè ṣe sí i. Adékànmí rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó lu ihò tín-ín-rín sí ojú funfun dáìsì kan, ó yọ́ òjé díẹ̀ sínú rẹ̀, ó pò lẹ́búlẹ́bú igi mọ́ gúlù, ó fi dí i, ó sì kùn ún pa dà. Láti ọjọ́ náà, ibi funfun ló ń wúwo wálẹ̀, dúdú tó wà ní òdìkejì rẹ̀ ló sì ń hàn lókè. Bí Ovie bá rí i pé owó ti pọ̀ lórí dúdú, á dọ́gbọ́n fi dáìsì gidi pààrọ̀ rẹ̀ nínú agolo.

Nígbà tí Morádéún, ìyàwó Adékànmí, rí àwọn dáìsì yìí lábẹ́ ibùsùn, ó bi ọkọ rẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n jẹ́. Adékànmí dá a lóhùn láìbínú.

“Èmi kò ta tẹ́tẹ́ rí,” ó ní. “Iṣẹ́ igi ni mò ń ṣe. Ohun tí ẹni tó rà á bá fi ṣe, ọwọ́ tirẹ̀ ló wà.”

Ohun kan náà ló sọ fún Nnamdi nígbà tí òun náà bi í léèrè nípa wọn. Télọ̀ ni Nnamdi, ògiri kan ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù òun àti ti Adékànmí, ó sì fi ọjọ́ orí ju Adékànmí lọ dáadáa. Òun alára ti ta tẹ́tẹ́ títí tó fi ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kí Jésù tó yọ ọ́. Ó sọ fún Adékànmí pé ìgbàlà kò sí nínú kí èèyàn máa dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, pé kó wọlé. Ọ̀rọ̀ náà bí Adékànmí nínú. Ó ní kí Bọ̀dá Nnamdi lọ wàásù fún Ovie, nítorí Ovie ló ń ta tẹ́tẹ́. Fún oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, kíkí nìkan ló ń kí ọkùnrin náà.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀, ní ọdún 1989, ní bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Adékànmí gbé tábìlì kan lọ sí GRA. Nígbà tó ń bọ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ géètì èbúté kọjá, ó sì rí èrò rẹpẹtẹ. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń kó ẹrù ti fi owó lé pupa lẹ́ẹ̀mẹrin, dúdú ló ń jáde. Ọkùnrin náà kò fi ìbínú hàn. Ó kàn mú dáìsì nílẹ̀, ó sọ ọ́ sókè, dúdú. Ó tún sọ ọ́, dúdú. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ó mú òkúta, ó fọ́ ọ, òjé sì ń dán nínú igi náà níṣojú gbogbo wọn.

Bí wọ́n ṣe bo Ovie nìyẹn. Kì í ṣe owó ọjọ́ yẹn nìkan ni wọ́n ń lù ú fún. Owó ilé tí kò délé rí ni, àti ọmọ tí wọ́n lé kúrò níléèwé. Ẹnìkan fa Ovie dìde, ó bi í léèrè ẹni tó bá a gbẹ́ nǹkan yìí. Ovie gbójú sókè. Ẹ̀jẹ̀ ti kún ẹnu rẹ̀. Ó rí Adékànmí láàárín èrò, ó sì nawọ́ sí i.

“Káfíńtà nìyẹn,” ó ní. “Ẹ bi í. Ó mọ̀ mí.”

Gbogbo ojú yí sí Adékànmí. Ẹ̀wù rẹ̀ funfun, ó fi tẹ́ẹ̀pù ìwọngi sí àpò. Ohùn pẹ̀lẹ́ tó fi ń fi àga han èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì ló fi dáhùn.

“N kò mọ ọkùnrin yìí rí.”

Wọ́n gbà á gbọ́. Ta ni kò ní gba irú èèyàn bẹ́ẹ̀ gbọ́? Ó yí pa dà, ó sì ń lọ. Ó gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò wo ẹ̀yìn. Kí wọ́n tó gbé Ovie dé ilé ìwòsàn, ó ti kú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó Ovie wá sí ṣọ́ọ̀bù. Oghenefejiro ni orúkọ rẹ̀, Fejiro ni gbogbo ilé ń pè é. Oyún oṣù méje wà nínú rẹ̀. Ó ní, “Bọ̀dá Kànmí, ẹ̀yin nìkan ni ọ̀rẹ́ tí ọkọ mi ní nílé wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kan pósí fún un. Kò sí owó lọ́wọ́ mi.”

Kí ni Adékànmí ì bá wí? Ó mú pákó dáradára tó fi pamọ́ fún oníbàárà rẹ̀ kan ní GRA, ó wọ̀n ọ́n, ó gé e. Ó ṣi ìṣó gbá lẹ́ẹ̀mẹta, ẹni tí kì í ṣi ìṣó gbá. Nígbà tí àwọn ẹbí fẹ́ gbé pósí náà lọ, Fejiro fi oyún rẹ̀ kúnlẹ̀ sórí lẹ́búlẹ́bú igi, ó di ẹsẹ̀ káfíńtà mú, ó ń sunkún.

“Bí ẹ ti ṣe sí ọkọ mi,” ó ní, “bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí Ọlọ́run ṣe sí ẹ̀yin náà.”

Gbogbo ẹbí ní, “Àmín.”

Láti ọjọ́ náà, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Bó bá mú ayùn, àdúrà obìnrin náà ló ń gbọ́. Bó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, bí ìgbà tí gbogbo ẹni tó ń wọlé ń bi í léèrè bóyá ó mọ Ovie ló rí lójú rẹ̀. Ó pe ara rẹ̀ ní apànìyàn, ó ní rárá, ó tún pè é bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òjò ọ̀sán kan lé Nnamdi wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nnamdi jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Adékànmí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó sì sọ ọ́ tán láìfi nǹkan kan pamọ́. Ó parí rẹ̀ báyìí pé, “Mi ò fọwọ́ kàn án, Bọ̀dá Nnamdi. Ṣùgbọ́n èmi ni mo pa á.”

Nnamdi fọwọ́ lé e léjìká.

“Ẹnìkan ló gé igi tí wọ́n kan Jésù mọ́,” ó ní. “Onítọ̀hún kò lù ú, kò tutọ́ sí i lára. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe, ó gba owó, ó lọ sílé. Síbẹ̀, orí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ Olúwa dà sí. Kànmí, ẹ̀jẹ̀ yẹn dà fún òun náà. Ó dà fún ọ.”

Káfíńtà tí kì í fa wàhálà kúnlẹ̀ sínú lẹ́búlẹ́bú igi, ó sunkún bí ọmọ ọwọ́. Kò sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rere kankan lọ́jọ́ náà. Ó ní, “Olúwa, ẹlẹ́ṣẹ̀ tí mò ń wá lóde, èmi ni.” Nígbà tó dìde, ẹrù náà ti bọ́ lọ́kàn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Nnamdi ní ibì kan ṣì kù tí wọ́n gbọ́dọ̀ dé, yàrá Fejiro. Adékànmí bẹ̀ ẹ́. Ó ní ṣé Ọlọ́run kò ti dárí ji òun ni.

“Ó ti dárí jì ọ́,” Nnamdi ní. “Ìyẹn ló jẹ́ kí o lè lọ.”

Fejiro ń ká ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n wọlé. Adékànmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sọ ti òjé, ó sọ ti géètì èbúté, ó sọ gbólóhùn tó fi sẹ́ ọkùnrin náà. Fejiro kò pariwo. Ó béèrè pé, “Ká ní ẹ sọ pé ẹ mọ ọkọ mi, kí ni ì bá ṣẹlẹ̀?” Adékànmí ní bóyá wọn ì bá lu àwọn méjèèjì, bóyá wọn ì bá sì dúró gbọ́ ọ̀rọ̀, òun kò mọ̀.

Obìnrin náà gbé ẹ̀wù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Mo kúnlẹ̀ fún yín,” ó ní. “Ẹ jáde.”

Kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ó bí ọmọ rẹ̀ sí Ajégúnlẹ̀, ó gbé e lọ sí ìlú wọn, kò sì fèsì sí lẹ́tà kankan. Adékànmí sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ níwájú ìjọ, wọ́n sì mú un kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ owó ọ̀sẹ̀, ó dúró sí géètì èbúté, ó sọ fún àwọn tó ń kó ẹrù pé òun ló gbẹ́ dáìsì náà. Àwọn kan da yẹ̀pẹ̀ sí i lára. Àwọn kan jókòó gbọ́ ti Jésù. Títí di òní, tí a wà ní ọdún 1995, ó ń lọ síbẹ̀.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, n kò ní tàn ọ́ jẹ. Ẹ̀jẹ̀ Jésù wẹ ọkùnrin yìí mọ́, ṣùgbọ́n kò jí Ovie dìde, opó rẹ̀ kò sì tíì dárí jì í. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni Adékànmí fi bínú sí ẹni tó pè é wọlé. Ká ní ó gbọ́ lọ́jọ́ náà ni, kì bá tí sí òjé nínú igi kankan mọ́. Ìrònúpìwàdà rẹ̀ bá Ọlọ́run nílé. Kò bá Ovie láyé.

Bóyá ìwọ náà kì í ta tẹ́tẹ́. Bóyá ẹlòmíràn ló ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ṣèkà, tí ìwọ ń gbowó rẹ̀, tí o sì ń fi ẹ̀wù funfun lọ sí ilé Ọlọ́run. O mọ ohun tí ò ń ṣe. O mọ orúkọ ẹni tó ń jìyà rẹ̀. Ẹni náà ṣì wà láàyè lónìí. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yìí, pe Jésù, lẹ́yìn náà dìde kí o lọ bá a, kí ilẹ̀ òní tó ṣú.