Ìgbọ̀nwọ́ Inú Kùrukùru

Èmi kì í sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ mí ní ìjọ wa ní ìlú Asmara á jẹ́rìí sí i. Mo mọ ohun tí Ìwé Mímọ́ wí nípa àwọn tó ti sùn nínú Olúwa, n kò sì bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n Kibrom, ọ̀rẹ́ mi, kì í purọ́ mọ́, ìdí tí kì í fi í purọ́ mọ́ sì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọlọ́run tó ń wò mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni ẹlẹ́rìí mi.

Ẹ̀gbẹ́ ara wa ni àwa méjèèjì máa ń dúró sí nínú ìsìn. Ní ilé Ọlọ́run wa, a kì í jókòó. Wákàtí mẹ́ta, nígbà mìíràn mẹ́rin, orí ìdúró ni, pẹ̀lú ọ̀pá àdúrà lábẹ́ abíyá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí i bí Kibrom ṣe ń fi gbogbo ara lé ọ̀pá tirẹ̀. Orúnkún òsì rẹ̀ ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni nígbà tó fọ́, ọdún mẹ́tàlélógún mìíràn sì ti gorí rẹ̀. Ní Ọjọ́ Àjíǹde tó kọjá, ẹsẹ̀ náà kọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín gbogbo wa bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Kò gbé ojú sókè títí ìsìn fi parí.

Dókítà ní, "Kẹ̀kẹ́ ni kí ẹ máa gùn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orúnkún yìí á gan."

"Dókítà, kẹ̀kẹ́ ló fọ́ ọ."

"Mo gbọ́. Kẹ̀kẹ́ náà ni kí ẹ gùn."

Orí ìṣó ni kẹ̀kẹ́ náà wà láti ọdún yẹn, lára ògiri yàrá ẹ̀yìn. Irin àtijọ́ ni, aláwọ̀ ewé, ó fúyẹ́ bí igbá. Kibrom sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó nu eruku, ó pààrọ̀ táyà méjèèjì, ó fi òróró sí ṣéènì. Òórùn òróró yẹn ló dá a dúró. Ó dúró jẹ́ẹ́ pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́. Ó rí àwọn ọjọ́ Ìsinmi àtijọ́: igi ọ̀pẹ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títì ńlá, èrò tó tò lọ gbọọrọ, àwọn kẹ̀kẹ́ tó ń kọjá fìrì bí ọ̀wọ́ ẹyẹ. Ó rí Zeray, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ máa ń gun kẹ̀kẹ́, nínú ẹ̀wù pupa onírun àgùntàn, ọ̀já funfun kan láyà rẹ̀, tó ń fi ẹnu súfèé.

Lemlem, ìyàwó rẹ̀, dé ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá Sirak, kí lẹ wọ̀ yẹn?"

"Aṣọ eré ni."

"Aṣọ eré ta ni? Ikùn yín ń bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí òun jáde."

"Á wọlé padà."

"Kó tó wọlé, ẹ má gba iwájú ilé ìyá mi kọjá o. Wọ́n á ní mi ò ra aṣọ tó tó yín."

Kibrom rẹ́rìn-ín. Ó gùn ún dé oríta kejì, ó sì ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀ wálé. Lọ́sẹ̀ kejì, ó dé ìdajì ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú. Lọ́sẹ̀ kẹrin, ó dé ibẹ̀, ó sì padà. Àwọn ọ̀dọ́ agun-kẹ̀kẹ́ a máa kọjá lára rẹ̀: "Bàbá, ẹ kú eré o! Ṣé ká tì yín díẹ̀ ni?" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fún ẹni tó bá rẹ̀, wọ́n á na ọwọ́ sí i nídìí, wọ́n á sì máa tì í gòkè. Kibrom á ju ọwọ́ sí wọn: "Ẹ lọ ti bàbá yín!"

Lóṣù kejì, ó dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn dé ìparí. Mo yọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò yọ̀.

"Arákùnrin," ló wí fún mi, "ó ku ọ̀nà kan."

Mo mọ ọ̀nà tó ń wí. Ọ̀nà òkun ni, tó gba ẹ̀gbẹ́ òkè sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìlú Nefasit. Láti ọdún yẹn, kò gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ mọ́.

Báyìí lọ̀rọ̀ ọ̀nà náà ṣe rí. Zeray àti Kibrom nìkan ló jáde láti ṣe eré ìdárayá láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ilé Zeray ni wọ́n ti gbéra. Kọfí wa, ẹ̀ẹ̀mẹta là ń sè é. Ẹ̀kẹta ni ti ìbùkún, ẹni tó bá dìde ṣáájú rẹ̀ kò tíì gbà á. Ife kejì ni Zeray mu tó fi dìde. Ó ní, "Màmá, ẹ fi ẹ̀kẹta sílẹ̀. Mo ń bọ̀ wá mu ún." Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kùrukùru. Ẹni tó wà níwájú ló ń ríran fún èkejì, òun ló sì máa kọ́kọ́ kan ohunkóhun tó bá wà lójú ọ̀nà. Àdéhùn wọn ni pé ní gbogbo òkúta máìlì, wọ́n á pààrọ̀. Ẹni iwájú á ju ìgbọ̀nwọ́ síta lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn ni pé: ó kàn ọ́.

Ní òkúta kìíní, Zeray ju ìgbọ̀nwọ́. Ẹ̀rù ba Kibrom. Ó wo ilẹ̀ bí ẹni tí kò rí i. Ní òkúta kejì, Zeray tún jù ú. Kibrom tún wo ilẹ̀. Kí wọ́n tó dé òkúta kẹta, ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kú sójú ọ̀nà láìtan iná ti wà níwájú wọn.

Kibrom sọ fún gbogbo ayé pé Zeray ló kàn láti wà níwájú. Ó sọ fún ìyá Zeray, Ìyá Abrehet bí a ti ń fi orúkọ wọn pè wọ́n, lójú pósí, pé ọmọ wọn fẹ́ràn iwájú. Lọ́dọọdún, ó ń gbé ṣúgà àti kóró kọfí lọ kí wọn. Lọ́dọọdún, ife méjì ni wọ́n ń fún un. Láti ọjọ́ yẹn, Ìyá Abrehet kò se ẹ̀kẹta fún ẹnikẹ́ni.

Òun nìkan ló mọ̀. Ọdún mẹ́tàlélógún. Ó ń dúró nínú ìsìn, ó ń gba oúnjẹ mímọ́, irọ́ náà sì wà lọ́fun rẹ̀ bí eegun ẹja. Ó fẹ́ gun òkè náà kó tó lọ jẹ́wọ́ fún ìyá náà. Ó ní ẹnu òun kò lè là tí òun kò bá tíì fojú kan ibẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló yàn. Kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, nítorí náà ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Nefasit, kẹ̀kẹ́ lórí bọ́ọ̀sì. Ó mu tíì, ó jẹ búrẹ́dì. Oòrùn mú rekete. Ó gun kẹ̀kẹ́, ó dojú kọ òkè.

Orúnkún náà ń dùn ún, ṣùgbọ́n ó ń ká. Àwọn ọ̀bọ jókòó lórí ògiri etí ọ̀nà, wọ́n ń yọ eégbọn lára ọmọ wọn, wọ́n ń wò ó. Agogo ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́, àwọn tó fi ayé sílẹ̀ nítorí Ọlọ́run, dún láti orí òkè lọ́hùn-ún. Ó rántí bí Zeray ṣe máa ń súfèé tẹ̀ lé agogo yẹn. Ó gbìyànjú láti súfèé. Èémí kò tó.

Lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀bọ dákẹ́. Gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n yípo, wọ́n sì wo ìhà òkun.

Kùrukùru ń bọ̀. Ó gba àfonífojì gòkè láìṣe ariwo. Ó bo ojú irin, ó bo àwọn igi ẹlẹ́gùn-ún. Ó bo Kibrom. Kò rí ju táyà iwájú rẹ̀ lọ.

Ó gbọ́ ìró kan níwájú.

Ká. Ká. Ká. Ká.

Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ eré rí mọ ìró yẹn. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ló ń dún bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó gùn ún bá dá ẹsẹ̀ dúró, tí kẹ̀kẹ́ ń yí lọ fúnra rẹ̀. Ìgbà tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ là ń gbọ́ ọ. Ẹni tó ń gun òkè kò lè dá ẹsẹ̀ dúró. Bó bá dá a dúró, á ṣubú ni.

Ìró náà ń gòkè lọ.

"Ta nìyẹn?"

Ká. Ká. Ká.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dáhùn."

Òórùn irun àgùntàn tó tutù kàn án nímú. Lẹ́yìn náà ó rí ẹ̀yìn kan. Ẹ̀wù pupa. Ẹsẹ̀ méjèèjì dúró láìmira. Kẹ̀kẹ́ náà sì ń gòkè.

Òkúta máìlì yọ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún ẹni náà jáde lẹ́ẹ̀kan, ó sì padà.

Kibrom wo ilẹ̀.

Ó ní òun kò mọ ìdí. Ojú òun ló lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ibi tó lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Òtútù sì wọ inú orúnkún rẹ̀ bí ìṣó. Ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára kẹ̀kẹ́.

Òkúta kejì. Ìgbọ̀nwọ́ náà tún jáde. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó padà lọ́tẹ̀ yìí.

Kibrom tún wo ilẹ̀. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí ọwọ́. Ó fẹ́ gbàdúrà. Gbogbo àdúrà tó mọ̀ láti kékeré ti lọ, ó ku ẹyọ kan: Olúwa, ṣàánú. Olúwa, ṣàánú.

Ní ọjọ́ yẹn, òkúta kẹta kò dé. Ní òwúrọ̀ yìí, ó dé. Ó yọ nínú kùrukùru, funfun, kékeré. Ìró ká-ká náà falẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ náà jáde síta. Kò padà. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó ń retí.

Kibrom dìde lórí ìjókòó. Ó fi orúnkún tó fọ́ náà tẹ kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì yà sọ́tùn-ún. Ó kọjá lára ẹni náà. Kò wo ojú rẹ̀. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló rí, lórí irin kẹ̀kẹ́, tí ìka rẹ̀ funfun tó sì hunjọ bí ọwọ́ ẹni tó pẹ́ nínú omi.

Ó bọ́ síwájú.

Atẹ́gùn gbá a lójú. Kò sí nǹkan kan níwájú rẹ̀ mọ́ àfi funfun. Ọkọ̀ lè wà níbẹ̀. Ọ̀gbun lè wà níbẹ̀. Ó ń lọ.

"Èmi ló kàn," ló ń ké. "Zeray, èmi ló kàn! Èmi ló kàn láti ọjọ́ yẹn!"

Ọwọ́ kan bà á nídìí. Ó tutù kọjá aṣọ. Ó ń tì í gòkè, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ti ọmọ ìyá rẹ̀. Kibrom kò wẹ̀yìn. Baba ńlá ìgbàanì tó bá áńgẹ́lì jìjàkadì títí ilẹ̀ fi mọ́ ń tiro lọ nígbà tí oòrùn là lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ náà ni oòrùn ṣe là lé Kibrom. Kùrukùru parí lójijì. Ọwọ́ náà kò sí mọ́.

Ó dúró. Ọ̀nà gbẹ níbẹ̀, eruku wà lórí rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn. Ipa táyà tó tutù méjì ló jáde láti inú kùrukùru. Ọ̀kan parí lábẹ́ rẹ̀. Èkejì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó ń lọ sí ìlú.

Ó tẹ̀ lé e. Oòrùn ń gbẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹ́ kù díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń dúró de ọ̀lẹ. Ó mọ ibi tí ìlà náà máa yà sí kó tó yà. Ó wọ àdúgbò òkè, ó wọ ọ̀nà tóóró, ó gba ẹnu ọ̀nà Ìyá Abrehet wọlé.

Kibrom fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri níta.

"Wọlé," ni ìyá náà wí. Ojú wọn kò ríran mọ́ láti ọdún díẹ̀. "O ti sanra o. Láti oríta ni mo ti ń gbọ́ èémí rẹ."

"Màmá, ẹ káàárọ̀."

"Ó yá, jókòó."

Ó jókòó lórí àpótí kékeré, ó kẹ̀yìn sí yàrá inú. Èéfín tùràrí ń rú. Ìkòkò kọfí wà lórí èédú. Ife mẹ́ta ló wà nínú abọ́. Kibrom wo ìsàlẹ̀ ìkòkò, ibi tí omi ti hó jáde, tó gbẹ, tó tún hó jáde.

"Màmá, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti sè é?"

"Ẹ̀kẹta nìyí."

"Kí ló dé?"

"Mo gbọ́ kẹ̀kẹ́."

"Tèmi ni, Màmá."

"Tìrẹ kò tíì dé nígbà yẹn."

Kibrom wó lulẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì. Èyí tó fọ́ náà ká, kò sì dùn ún. Ó sọ ọ́. Òkúta kìíní, òkúta kejì, ìgbọ̀nwọ́, ilẹ̀ tó ń wò. Ó sọ irọ́ tó pa lójú pósí. Ìyá náà ń da kọfí, wọn kò sì dá ọwọ́ dúró. Ẹ̀kán kan kò ta sílẹ̀.

"Mo mọ̀ pé irọ́ ni," ni wọ́n wí nígbà tó parí.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ náà. O ní ọmọ mi fẹ́ràn iwájú." Wọ́n gbé ìkòkò kalẹ̀. "Ẹ̀rù kùrukùru máa ń ba Zeray láti kékeré. Ọwọ́ mi ló máa ń dì mú bó bá ti sọ̀. Mo ń retí kí o wá sọ ọ́ fúnra rẹ, ọmọ mi. O pẹ́."

Kibrom wo ilẹ̀. Ìlà omi náà wà lórí sìmẹ́ǹtì, tóóró, ó ń dán. Ó gba ẹ̀gbẹ́ àpótí rẹ̀ kọjá, ó wọ abẹ́ aṣọ tó bo ẹnu ọ̀nà yàrá inú. Kò sí ipa tó jáde.

Ìyá Abrehet fi ife kan lé e lọ́wọ́. Wọ́n mú ọ̀kan. Wọ́n na ẹ̀kẹta kọjá èjìká rẹ̀, sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n fa ọwọ́ padà, kò sí ife nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn Kibrom, nínú yàrá inú, ó dún.

Ká. Ká. Ká.

"Màmá..."

"Má wẹ̀yìn," ni wọ́n wí pẹ̀lẹ́. "Mu ìbùkún rẹ. Ó máa tutù."

Ó mu ún. Kẹ̀kẹ́ náà ṣì ń yí.