Ago Ẹmu Mgbokwo

Ní ọdún tí àwọn òyìnbó ń gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn ará abúlé, tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ lójú ọjà, ni wọ́n gbé ẹmu ìyàwó Mgbokwo wá. Láti ìdájí ni kò ti lè jókòó sójú kan. Ó wọlé, ó jáde. Ó so ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, ó tún tú u. Òun nìkan ni Duruji bàbá rẹ̀ bí, àìsàn sì ti dá bàbá náà dùbúlẹ̀ sórí ẹní. Obìnrin kì í jogún ilẹ̀ ní abúlé wọn. Bó bá lọ sílé ọkọ, Okereke, àbúrò bàbá rẹ̀, ni yóò kó gbogbo rẹ̀.

Okereke ò tilẹ̀ ní sùúrù. Mgbokwo rí àwọn igi akòko tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn àká iṣu bàbá rẹ̀, tí wọ́n fi pààlà.

"Dede," bó ṣe ń pe Okereke nìyẹn, "kí lẹ ń gbìn?"

"Ọkọ ń dúró dè ọ́, o ń bèèrè igi! Àbí o fẹ́ rù ú lọ ni?" Okereke rẹ́rìn-ín, ẹrẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Níwájú gbogbo ẹbí, Duruji bu ẹmu sínú ago. "Ọmọ mi, gbé e fún ọkọ rẹ, ká rí i."

Anyaegbu, ọkọ ìyàwó, ti ń na ọwọ́. Mgbokwo dé iwájú rẹ̀, ó dúró, ó wò ó pẹ́. Ló bá yí padà, ó lọ kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ̀.

"Ẹ mu ún, bàbá. Mi ò lọ mọ́. Níbí ni mo ti máa bímọ fún yín."

Àṣà gbà á: ọmọbìnrin lè dúró sílé bàbá rẹ̀, kó bímọ tí yóò jẹ́ ọmọ bàbá náà, tí yóò sì jogún rẹ̀. Ariwo sọ.

"Ṣé o ti dọkùnrin ni?" Okereke jágbe.

"Ẹ lọ hú akòko yín, Dede."

Nírọ̀lẹ́, Anyaegbu padà wá sẹ́yìn ọgbà. "Èmi ńkọ́?"

"Mi ò tìlẹ̀kùn."

"Ọmọ tí mo bá bí níbí, ti bàbá rẹ ni."

"Mo mọ̀."

Síbẹ̀, Anyaegbu wọlé. Kò fẹ́ ẹlòmíràn títí ayé rẹ̀. Ariwo àwọn ọmọkùnrin Mgbokwo nínú ọgbà ni Duruji gbọ́ kẹ́yìn kó tó kú.

Nígbà tí Anyaegbu náà kú, òyìnbó ti kọ́ kóòtù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Erùpẹ̀ sàréè rẹ̀ ò tíì gbẹ tí àwọn àbúrò rẹ̀ fi ń ri akòko káàkiri oko rẹ̀. Àkọ́bí Mgbokwo, tó jọ Anyaegbu bí ìmumu, fa àdá yọ.

"Jókòó," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ọmọ Duruji lo jẹ́, o ò ní ilẹ̀ níbẹ̀."

Ọmọ náà jókòó. Mgbokwo fúnra rẹ̀ ò lè jókòó. Ó wọlé, ó jáde, títí ilẹ̀ fi ṣú.