Ìṣẹ́jú Mẹ́sàn-án Tí Jamilah Kọ

Omi tí Jamilah kán sórí òkúta àárín dún ṣàà, ó sì gbẹ lójú ẹsẹ̀. Ó wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún ti kọjá.

"Tún un kán," Balqees wí.

Ó tún un kán. Ṣàà.

Yàrá iṣẹ́ irin ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní Ìkòròdú ti dá páropáro. Àwọn méjèèjì nìkan ló kù, pẹ̀lú fáànù kékeré tó ń kùn lábẹ́ irin oníhò tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe. Ọ̀gbẹ́ni Oyèdèjì, olùkọ́ wọn, ló gbé iṣẹ́ náà fún kíláàsì. Ó ti ṣiṣẹ́ rí nílé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì. Ó ṣàlàyé fún wọn pé kí sìmẹ́ńtì tó di ìyẹ̀fun inú àpò, òkúta wẹ́wẹ́ ni, tó ń ti inú iná jáde ní pípọ́n bí ẹ̀yinná. Orí irin oníhò ni wọ́n ń dà á sí, kí afẹ́fẹ́ lè máa ti ìsàlẹ̀ fẹ́ sí i títí yóò fi tutù. Bí ihò bá fẹ̀ jù, òkúta á jábọ́. Bó bá kéré jù, afẹ́fẹ́ ò ní rọ́nà gbà.

"Ẹ lọ ṣe tiyín ní kékeré," ó ní. "Ẹ fi òkúta tó ti inú iná èédú jáde dán an wò. Àwọn méjì tí tiwọn bá tutù láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Alhaji Láwàl máa gbà sí ilé-iṣẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irú irin yìí, lásìkò ìsinmi."

Àyè yẹn ni Jamilah ń lá lálàá. Ó fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe irin náà gan-an.

"Kọ mẹ́sàn-án," Balqees wí.

"Mẹ́sàn-án kẹ̀?"

"Ṣebí òkúta etí tutù ní mẹ́sàn-án? Ta ló máa wá kán omi sí àárín? Ìwọ lo mọ ìwé kọ kó dùn-ún wò, jọ̀ọ́."

Jamilah di bírò mú. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ìyá rẹ̀ ń yan ẹja níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń gbé ní Ìkòròdú, ṣùgbọ́n bí ìyẹn bá ti ibi iṣẹ́ dé, oorun ló kù. Jamilah nìkan ní ń jẹun, òun nìkan ní ń kàwé. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ kíláàsì, èéfín ṣì wà lára yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ẹja Yíyan. Ó fi ọṣẹ fọ aṣọ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Láti ìgbà náà, kò dárúkọ Ẹ̀pẹ́ mọ́, kò sì sẹ́ni tó bá a jókòó, àfi Balqees. Bí Balqees bá bínú, ta ló kù?

Ó kọ mẹ́sàn-án.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Alhaji Láwàl wá. Ọ̀gbẹ́ni Oyèdèjì gbé ìwé wọn sókè tìdùnnú-tìdùnnú. "Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Tiwọn ló yá jù, Alhaji."

Wọ́n da òkúta gbígbóná lé irin, fáànù ń fẹ́. Nígbà tí aago lu ìṣẹ́jú mẹ́wàá, olùkọ́ na ọwọ́. Jamilah la ẹnu. Balqees tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Sà..."

Ó ti pẹ́ jù. Olùkọ́ ti mú òkúta àárín. Òkúta náà jábọ́, ó ró gbàǹgàn lórí irin. Ọkùnrin náà rọra ki ọwọ́ ọ̀tún bọ inú korobá omi.

"Ta ló kọ mẹ́sàn-án?"

"Jamilah ni, sà," Balqees wí, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.

Irọ́ kọ́. "Èmi ni, sà," Jamilah dáhùn. "Ó lé ní mẹ́rìndínlógún, kò sì tíì tutù."

Ọ̀gbẹ́ni Oyèdèjì kò bú u. Ó ní, "Nínú iṣẹ́ tiwa, iye tí o bá kọ, ẹlòmíràn ló máa fọwọ́ kàn án."

Àwọn mìíràn ni Alhaji mú. Lọ́jọ́ Ajé, Balqees ti gbé báàgì rẹ̀ lọ sí ìjókòó iwájú. Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn. Ohùn kan ṣoṣo tí Jamilah ń gbọ́ nílé ni ti rédíò.

Nígbà tó di Sátidé, ó wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́. Ìyá rẹ̀ ń to ẹja sórí wáyà. Ẹja náà kò kún wáyà. Ó ṣù jọ sáàárín. Obìnrin náà wá mú àjákù páànù, ó fi dí gbogbo etí tó ṣófo.

"Màámi, kí ló dé tí a fi máa ń fi páànù dí etí?"

"Ọdún mélòó lo ti ń bá mi to ẹja? Ooru ò yàtọ̀ sí ọ̀lẹ. Ibi tó bá ṣófo ló ń gbà lọ. Bí mi ò bá dí etí, tàárín ò ní gbẹ."

Jamilah dúró gbagidi: etí náà ni afẹ́fẹ́ fáànù wọn ń gbà lọ. Láti ọmọ ọdún méje ló ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ to páànù yẹn. Ìtìjú ló mú kó fi ọgbọ́n náà sílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú òórùn èéfín. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó sì rò ó fún un látòkèdélẹ̀.

Ìyá rẹ̀ yí ẹja kan padà. "Ẹja tó gbẹ lẹ́yìn, tó tutù nínú, ṣé mo máa ń tà á?"

"Rárá, mà."

"Kí ló dé?"

"Tó bá di ọjọ́ kẹta, á jẹrà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Bu omi wá."

Nígbà tó padà, ojoojúmọ́ ni Jamilah ń dá dúró lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́. Ó fi páànù dí ihò etí, ó lu ihò kún ti àárín, ó sì ń kọ gbogbo iye tó bá rí: mọ́kànlélógún, méjìdínlógún, mẹ́rìndínlógún. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Oyèdèjì yọjú, báńdéèjì lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Mẹ́tàlá ló kẹ́yìn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Kò tíì tó mẹ́wàá. Mo mọ̀ pé àyè ti tán."

"Láàárín gan-an?"

"Láàárín gan-an, sà."

Ó ní kó da òkúta gbígbóná mìíràn lé e. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń wo aago. Nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́tàlá pé, olùkọ́ wo ojú Jamilah, ó wo ọwọ́ òsì rẹ̀ tó kù, ó sì nà án sí àárín. Ó mú òkúta náà, ó ń yí i kiri nínú àtẹ́lẹwọ́.

"Ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni," ó ní. "Kọ ọ́ sílẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, òun nìkan ṣì ló jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, òórùn èéfín Ẹ̀pẹ́ sì wà lára aṣọ rẹ̀. Kò fọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta mọ́. Àwọn àgbà ní èéfín nìwà, kò ṣe é bò mọ́lẹ̀. Ẹni tó fi irọ́ ra ọ̀rẹ́ yóò pàdánù ọ̀rẹ́, yóò sì dá ọgbẹ́ sọ́wọ́ aláìṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ òótọ́ sílẹ̀, bó tilẹ̀ dá wà, ènìyàn lè fi ọwọ́ rẹ̀ tó kù gbẹ́kẹ̀ lé e.