Tẹlifíṣọ̀n Aláwọ̀ Tí Ràímì Rà Wálé

Ẹ má pe èyí ní àlọ́. Kò sí ìjàpá níbẹ̀, kò sì sí orin tẹ́ ẹ máa gbè. Òkòkòmáìkò ló ti ṣẹlẹ̀, lọ́dún tó tẹ̀lé owó Údójì tí ìjọba fi kún owó oṣù òṣìṣẹ́, nínú ilé tó ṣì dúró títí dòní.

Sàdíátù kò fẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà. Ó yẹ kí ẹ ti ìbẹ̀rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n ní nílé, tó ń gbé àwòrán dúdú òun funfun jáde, ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ilẹ̀ ló ń wù ú, àbọ̀ púlọ́ọ̀tì kan ní Ìbà, kí òun àti Ràímì ọkọ ẹ̀ lè kúrò nílé onílé. Ọmọ wọn, Àdìjá, ti pé oṣù mẹ́tàlá, yàrá ti ń há mọ́ wọn. Àmọ́ Ràímì, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rù ní Àpápá, ti rí tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ nílé ọ̀gá ẹ̀, ọkàn ẹ̀ kò sì balẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

"Ilẹ̀ ò ní sá lọ," ó ní. "Ṣé o mọ̀ pé pupa ni aṣọ obìnrin tó ń ka ìròyìn yẹn? Látọjọ́ tá a ti ń wò ó, a rò pé àwọ̀ eérú ni."

"Bàbá Àdìjá, kí ni pupa aṣọ ẹ̀ máa ṣe fún wa?"

"Ayé ti ń lajú."

Owó ilẹ̀ ló fi rà á. Ó fi píkọ́ọ̀pù gbé e wálé, ó ri òpó ántẹ́nà mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, gbogbo ará ilé sì rọ́ wọ páálọ̀. Àjàgbé onílé, tí kì í fojú ire wo ayálégbé, jókòó sórí àga Ràímì, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Inú bí Sàdíátù gan-an. Ilé ìdáná ló jókòó sí. Kò wò ó lọ́jọ́ náà, kò sì wò ó lọ́jọ́ kejì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, òun àti ọmọ nìkan ló wà nílé. Ó gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá wá sí páálọ̀. Ó ní kí òun náà wo ohun tó jẹ ilẹ̀ òun. Ó tàn án.

Àkókò ètò kò tíì tó. Àwọn ìlà aláwọ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀, kí ó máa dún píì. Kò rí ìlà kankan. Páálọ̀ kan ló rí. Àga kan wà níbẹ̀, obìnrin kan jókòó sínú ẹ̀, ó kẹ̀yìn sí i. Kò sí àwọ̀ kankan nínú páálọ̀ náà. Kò sí ohùn.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti tọ́ Sàdíátù, níbi tí èèyàn kì í ti í gbé òkèlè sẹ́nu níṣojú ẹnì kan kó má pè é. Ẹnu ẹ̀ ló ṣáájú ọgbọ́n ẹ̀.

"Ẹ wá jẹun o," ó ní.

Ó rẹ́rìn-ín ara ẹ̀. Gbogbo wa la mọ èsì: á gba ibi ire. Ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Obìnrin náà kò yíjú. "Mo ń bọ̀," ó ní.

Àwòrán náà já. Àwọn ìlà dé, wọ́n ń dún píì. Nígbà tí Sàdíátù wo oúnjẹ ẹ̀, epo inú ọbẹ̀ ti di eérú. Ó tọ́ ọ wò. Adùn ẹ̀ wà níbẹ̀. Pupa ẹ̀ ni kò sí.

Làálì tó lé sọ́wọ́ fún Iléyá ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé. Ó pe ọkọ ẹ̀ kó wá wò ó.

"Ewéko tútù ni," Ràímì ní. "Ṣé ojú ń dùn ọ́ ni?"

Lálẹ́, níwájú tẹlifíṣọ̀n, Ràímì gbá itan ara ẹ̀. "Ẹ wò ó bó ṣe ń dán sí i lójoojúmọ́." Àwọn ará ilé ní òótọ́ ni. Ìròyìn ni wọ́n ń wò. Páálọ̀ yẹn ni Sàdíátù ń wò. Kọ́tìnnì ẹ̀ ti wà lára ògiri níbẹ̀, ó ń tàn. Obìnrin náà gbé ọwọ́ lé apá àga. Làálì pọ́n lọ́wọ́ ẹ̀.

Ìyá Àwẹ̀ró, ìyá Àjàgbé onílé, ni Sàdíátù sá lọ bá. Ọ̀jọ́ ni wọ́n bí ìyá náà sí, ó sì ti rí nǹkan láyé. Ó gbọ́ ọ délẹ̀.

"Ìwọ lo pè é?"

"Èmi ni, mà."

"Ó sì jẹ́ ẹ?"

"Ó ní òun ń bọ̀."

"Wọn kì í lé àlejò nídìí oúnjẹ," Ìyá Àwẹ̀ró ní. "Òun ló máa sọ pé òun yó."

"Tí kò bá yó ńkọ́, mà?"

Ìyá àgbà dìde. Ó wọlé, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, Sàdíátù ń wẹ ọmọ. Ó da omi sí i lára, ọṣẹ ṣàn lọ, ó sì rí i pé Àdìjá ti dà bí àwòrán inú ìwé ìròyìn. Ó la ẹnu ọmọ náà. Ahọ́n ẹ̀ ti di eérú. Ó sáré wọ páálọ̀. Nínú tẹlifíṣọ̀n, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ẹsẹ̀ ọmọ kékeré kan ń mì.

Ẹ̀rù bà á débi pé kò wá bàtà. Ó pọn ọmọ, ó wọ ọkọ̀ Ìjanikin, níbi tí Fáòsíátù ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ń gbé. Ọkọ̀ kò tíì rìn jìnnà tó fi kíyè sí i pé ọmọ ń fúyẹ́. Bí wọ́n ṣe ń lọ ló ń fúyẹ́ sí i. Ó fọwọ́ wá ẹ̀yìn ara ẹ̀. Ọmọ wà níbẹ̀, ó gbóná, kò sunkún. Nígbà tí wọ́n dé Ìjanikin, bí ẹni pé ọ̀já nìkan ló so mọ́ra. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sọdá títì, ó wọ ọkọ̀ padà. Bí ilé ṣe ń súnmọ́ ni ọmọ ń wúwo. Lẹ́nu ọ̀nà páálọ̀, Àdìjá rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Sàdíátù rò ó fún un, Ràímì ní kó má bá òun sọ ìsọkúsọ. Ó fa wáyà tẹlifíṣọ̀n yọ lára ògiri. Orí Àdìjá yẹ̀ sẹ́yìn. Kò mí. Ràímì sáré wá ojú ihò tó máa ki í bọ̀. Ó tàn, ọmọ mí kanlẹ̀. Ràímì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Wọn kò pa tẹlifíṣọ̀n náà mọ́ láti ọjọ́ náà. Ràímì wá jẹnẹrétọ̀ kan, nítorí iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Wọn kò jọ jáde mọ́. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ iná, ọmọ kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ojúde. Bí iná bá ṣẹ́jú, àwọn méjèèjì á di èémí wọn mú.

Fàtáì, ayálégbé yàrá kejì, bi Ràímì léèrè. "Ẹ̀gbọ́n, mo ní owó díẹ̀ lọ́wọ́. Ṣé tẹlifíṣọ̀n kọ́lọ̀ yìí tó nǹkan téèyàn ń rà, àbí kí n máa wo dúdú mi?"

"Má rà á," Ràímì ní.

Fàtáì sọ ọ́ káàkiri pé Ràímì kò fẹ́ kí ẹlòmíì ní.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kò sí àlejò. Ràímì wà lẹ́yìnkùlé, ó ń rọ epo sí jẹnẹrétọ̀. Àdìjá rá lọ síwájú tẹlifíṣọ̀n. Nínú páálọ̀ ọ̀hún, obìnrin náà yíjú fún ìgbà àkọ́kọ́. Sàdíátù kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni bí ojú ẹ̀ ṣe rí.

Ọmọ náà na ọwọ́ méjèèjì sókè sí i. Kò tíì fọhùn rí láyé ẹ̀.

"Màámi," ó ní.

Sàdíátù jẹ́ ẹ láti ẹ̀yìn. Ó tún jẹ́ ẹ. Àdìjá kò bojú wẹ̀yìn.