Ìpele Kẹrin Lórí Àtẹ̀gùn

Káfíńtà ń gun àtẹ̀gùn lọ nígbà tí èémí dá a dúró ní ìpele kẹjọ. Ó di ọ̀pá ìdìmú mú, ó ń fi àtàǹpàkò ra á bí ẹni ń yẹ iṣẹ́ wò.

Obìnrin kan jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ nísàlẹ̀, opó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Bàbá, àná náà lẹ dúró níbẹ̀ yẹn. Kí lẹ ń wò?"

"Mò ń wò ó bóyá ikán ti mú un."

"Irin ni."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín di ikọ́. Obìnrin náà gbé omi gòkè wá bá a.

Ogójì ọdún ìyẹ̀fun igi àti sìgá ló ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Àìsàn náà kì í lọ. Bó bá dìde, ọsibítù ni. Nọ́ọ̀sì fún un ní ìwé kan, kó máa kọ àwọ̀ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ àti iye ìpele tó gùn kó tó sinmi, lójoojúmọ́.

"Àìsàn yìí máa ń kanlẹ̀kùn kó tó wọlé," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ ṣáà kọ òótọ́. A ó ti gbọ́ ọ ní ọjọ́ méjì ṣáájú."

Káfíńtà bá aránṣọ náà tún ẹsẹ̀ tábìlì rẹ̀ ṣe. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, kò bàjẹ́.

Nígbà tó sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ọmọbìnrin aránṣọ kọ̀.

"Màmá, ẹ ti sin ọkọ kan." Ó ronú díẹ̀. "Bó bá lo oṣù méjì láìwọ ọsibítù, mi ò ní sọ nǹkan kan mọ́."

Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí ka ọjọ́. Ní ọ̀sẹ̀ keje, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ di àwọ̀ ewé. Ó kọ "funfun". Ó kọ "mẹ́jọ".

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, aránṣọ kanlẹ̀kùn rẹ̀.

"Ìpele mélòó lẹ kọ lónìí?"

"Mẹ́jọ."

"Ibi tí mo jókòó sí ni mo ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ yín. Mẹ́jọ níjẹta, mẹ́fà lánàá, mẹ́rin lónìí. Mo fi ẹfun ìránṣọ kọ ọ́ sára ògiri."

"Ọjọ́ mọ́kànlá péré ló kù."

"Ṣé ìwé ni mo fẹ́ fẹ́ ni?"

"Bí mo bá sọ òótọ́, ọmọ yín á ní kí n máa lọ."

"Bí ẹ bá purọ́, ẹ ó lọ lóòótọ́."

Káfíńtà fa ìlà sórí "mẹ́jọ", ó kọ "mẹ́rin"; ó fa ìlà sórí "funfun", ó kọ "ewé". Ó pe nọ́ọ̀sì. Oògùn dé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọjọ́ márùn-ún ló fi dùbúlẹ̀ nílé, kò dé ọsibítù. Aránṣọ gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá káfíńtà.

"Irọ́ yín ò dán tó iṣẹ́ ọwọ́ yín, ọkọ mi."

"Kí lẹ pè mí?"

"Ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ mí."

Ọmọbìnrin náà wá. Ó wo ẹfun lára ògiri nísàlẹ̀, ó gòkè wá wo ìwé.

"Bàbá, ẹ purọ́."

"Mo purọ́."

"Màmá mi sì gbọ́ ọ." Ó pa ìwé náà dé. "Nígbà tí àìsàn bàbá mi ń bọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́."

Ó mú ẹfun nílẹ̀, ó fi í sọ́wọ́ ìyá rẹ̀. "Ẹ máa kọ ọ́ lọ."

Wọ́n ṣègbéyàwó kí oṣù tó parí. Nọ́ọ̀sì ló ṣe ẹlẹ́rìí.

Ọdún mẹ́fà ni wọ́n lò pọ̀ kí káfíńtà tó lọ. Wọ́n ti fi ọ̀dà kun ògiri náà. Àga kékeré tí káfíńtà kàn mọ́ ìpele kẹrin láti máa sinmi ṣì wà níbẹ̀.