Èèkàn Olórí Pupa

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin èrò ọ̀nà, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ gbọ́. Ìtàn tí mo gbé wá kò gùn, ẹ̀rín sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ni, tó fẹ́ gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ewu, tó wá fọwọ́ ara rẹ̀ fa ewu wálé.

Dókítà Bàtà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Bàtà ló ń tún ṣe, pàápàá èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti lò nínú ahéré onípákó kan lábẹ́ igi ńlá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ìṣeré kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá yanu bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, abẹ́rẹ́ ńlá àti okùn rẹ̀ ló ń pa á lẹ́nu mọ́. Kò ní ibòmíràn. Ibẹ̀ ló ti tọ́ ọmọ mẹ́ta yanjú.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ó dé ibi iṣẹ́, ó bá èèkàn nílẹ̀ káàkiri. Àwọn tí orí wọn funfun tò lọ láti géètì títí dé ẹ̀yìn pápá bí eyín àgbàdo. Ṣùgbọ́n mẹ́rin yí igi tirẹ̀ ká, orí wọn sì pupa fòò.

Alágbàfọ̀ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà ti dúró dè é.

"Dókítà, ṣé ẹ rí i? Wọ́n ní wọ́n fẹ́ tún gbogbo àyíká pápá yìí ṣe. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ni gbogbo rẹ̀ fẹ́ dà. Ó wà nínú ìwé gàgàrà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ géètì."

"Ṣé o ka ìwé náà ni?"

"Èmi kẹ̀? Ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé! Ṣé èmi tí mo ń fọ ṣòkòtò?"

"Èmi náà kò kà á. Kí ló kan alábẹ́rẹ́ pẹ̀lú ìwé ara géètì?"

"Ó dáa o. Pupa tó wà nídìí igi yín yẹn, kì í ṣe àwọ̀ ire o."

Ọ̀rọ̀ yìí ba Dókítà Bàtà lẹ́rù. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fa èèkàn pupa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tu bí ẹni ń fa ẹ̀gẹ́. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ihò wọn pa. Igi èèkàn náà sì dára lójú rẹ̀, ló bá kàn wọ́n mọ́ ara ahéré, ó ń fi wọ́n kọ́ bàtà tó ń gbẹ.

Lọ́sàn-án, ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ wá.

"Bàbá wa, níbo lẹ ti rí igi tuntun yìí?"

"Ó wà nílẹ̀."

"Ṣé ó dùbúlẹ̀ ni, àbí ó dúró?"

Dókítà Bàtà ki òkèlè bọ ẹnu kó má baà fèsì.

"Ó dúró nìyẹn. Ẹ dá a padà o. Ẹni tó ri igi mọ́lẹ̀ mọ ìdí tó fi rì í."

"Jẹ́ kí n jẹun, ìyá yìí."

Ó di Ọjọ́rú. Ọmọbìnrin kan ń tiro bọ̀, bàtà rẹ̀ kan wà lẹ́sẹ̀, ìkejì wà lọ́wọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà mi ti já."

"Jókòó, ọmọ mi. Kí ló pa á báyìí? Ṣé o fi ń gbẹ́lẹ̀ ni?"

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì dúró síbì kan.

"Bàbá, igi tí ẹ fi kọ́ bàtà yìí mà dára o."

"Igi gidi ni. Kòkòrò ò lè jẹ ẹ́."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo kun orí wọn."

Abẹ́rẹ́ dúró láàrin awọ, kò wọlé, kò jáde.

"Iṣẹ́ awọnlẹ̀ ni mò ń ṣe, bàbá. Kí ló dé tí ẹ fi fà wọ́n tu?"

"Ọmọ mi, má bínú. Mo rí pupa, mo ní wọ́n fẹ́ gé igi mi, kí wọ́n sì lé mi lọ."

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Áà, bàbá! Òdìkejì rẹ̀ ni o. Funfun ni ibi tí ọkọ̀ máa dúró sí. Pupa ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Èèkàn tí ẹ fà tu yẹn ló ń ṣọ́ igi yín! Ọ̀gá mi ń bọ̀ wá ka èèkàn lọ́la. Ohun tó bá bá nílẹ̀ ló máa kọ. Bí kò bá rí pupa, igi yín di àyè mọ́tò mẹ́ta nìyẹn."

"Yéè! Mo ti fọwọ́ ara mi gé igi mi!"

"A ṣì lè rì wọ́n padà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ahéré yín ṣì wà ńlẹ̀. Kò sí nínú àwòrán rárá. Láti ojú òfuurufú ni wọ́n ti ya ibí yìí, ewé igi sì bò yín mọ́lẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé ènìyàn wà níbẹ̀."

"Ọdún mọ́kàndínlógún! Wọn ò mọ̀ pé mo wà?"

"Ẹ lọ sọ fún wọn. Ìwé ara géètì ló sọ bí ẹ ó ṣe ṣe é. Àwòrán lásán ni títí di ìsinsìnyí, kò tíì di àṣẹ. Wọ́n fún ará àdúgbò ní ọjọ́ mọ́kànlélógún láti sọ tẹnu wọn. Ọjọ́ Ẹtì ló parí. Ìpàdé wà ní gbọ̀ngàn kọ́lẹ́ẹ̀jì láago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹni tí kò lè kọ̀wé, akọ̀wé wà níbẹ̀ tó máa bá a kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́."

"Kí ni kí n sọ fún irú wọn?"

"Ohun tí ẹ mọ̀ tí àwa kò mọ̀."

Wọ́n jọ wá ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, awọnlẹ̀ ń wọ̀n ọ́n, Dókítà Bàtà ń fi òòlù bàtà gbá èèkàn wọlẹ̀. Alágbàfọ̀ ń wò wọ́n láti òdìkejì, ó ya ẹnu sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Dókítà Bàtà wọ gbọ̀ngàn pẹ̀lú pákó kan lábíyá. Ó ti tú u lára ahéré rẹ̀ láàárọ̀. Nígbà tí wọ́n pè é, ó na pákó náà sókè.

"Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọ̀gá. Àmì ẹrẹ̀ tó wà lára pákó yìí, òjò ọdọọdún ló fi í síbẹ̀. Omi tó ń ṣàn láti orí òrùlé ìjókòó òǹwòran ní pápá, ìdí igi mi ló ń gbà kọjá. Ẹ̀yin fẹ́ da kọnkéré dí ọ̀nà rẹ̀. Bí omi kò bá rọ́nà, àárín ilé àwọn èèyàn tó wà nísàlẹ̀ ló máa lọ sùn. Ibi tí mo ti rí gbogbo rẹ̀ ni ahéré mi, tí ẹ̀yin kò rí."

Ẹnjiníà kan bi í pé, "Bàbá, báwo ló ṣe dá yín lójú?"

"Ọ̀gá, ẹsẹ̀ mi ló máa ń tutù."

Gbọ̀ngàn mì tìtì fún ẹ̀rín. Àmọ́ ẹnjiníà náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ lọ wo ibẹ̀ lónìí. Koríko wà níbi tí kọnkéré ì bá wà, gọ́tà gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ibi ìgbọ́kọ̀sí mọ́ tónítóní, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sì yà lọ́tọ̀. Igi dúró. Wọ́n sún ahéré ní ìṣísẹ̀ mẹ́jọ sí etí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, òjìji igi ṣì ń bò ó, oníbàárà sì pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Alágbàfọ̀ nìkan ló ń ráhùn. Ẹnu ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà jáde kọjú sí okùn aṣọ rẹ̀ gan-an, ẹ̀yìnkùlé ló wá ń sá aṣọ sí. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ ìráhùn, Dókítà Bàtà á ní, "Arákùnrin, ìwé ṣáà wà lára géètì."

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn wa, bí ẹ bá rí ìwé ìkéde iṣẹ́ ìlú, ẹ kà á. Bí ẹ kò bá lè kà á, ẹ pe ẹni tó lè kà á. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n dá, ẹ lọ sí ìpàdé, ẹ sọ ohun tí ojú yín rí. Ẹ má fa èèkàn tu. Ẹ béèrè ohun tó ń ṣọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ìyàwó Dókítà Bàtà ló sọ ìtàn yìí fún mi, bó ṣe ń kó abọ́ oúnjẹ lọ sílé. Ó ní bí mo bá ń sọ ọ́ níbikíbi, n kò gbọdọ̀ gbàgbé pé òun ló kọ́kọ́ ní kó dá èèkàn padà.